Bàbá Sípánà, Ọ̀kan Nínú Àwọn Tó So Ìlú Méjì Pọ̀

Etí odò ńlá, ní ìlú tó wà níhà ìlà oòrùn, ni a ti bí Bàbá wa ní 1938. Apẹja ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, ìyá wọn sì ń ránṣọ. Bàbá kàwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn. Sípánà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Sípánà nìyẹn, kí wọ́n tó bímọ kankan.

Ní 1960, Bàbá rí Ìyá wa ní ìlú òdìkejì, ọkàn wọn kò sì padà sílé mọ́. Ìyá àgbà, ìyá Ìyá wa, kò kórìíra Bàbá, ṣùgbọ́n odò yìí ló gbé ọkọ tiwọn lọ, a kò sì rí òkú gbé. Ìyá àgbà ní: "Ọmọ mi ò ní wọkọ̀ ojú omi lọ sílé ọkọ. Ọjọ́ tí mo bá fẹsẹ̀ ara mi rìn mú un délé ẹ, ọjọ́ yẹn lo níyàwó." Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá rẹ́rìn-ín títí, nítorí ta ló ń fẹsẹ̀ rìn lórí omi?

Ọdún kejì ni iṣẹ́ afárá bẹ̀rẹ̀ lórí odò náà. Bàbá lọ, wọ́n sì gbà wọ́n síbi dídè bóòtù tó ń so irin mọ́ irin, lókè réré tí ọkọ̀ ojú omi ti dà bí igbá. Apá kan afárá ń ti ìlú wa bọ̀, èkejì ń ti ìlú Ìyá wa bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1965 apá méjèèjì pàdé, ṣùgbọ́n ihò bóòtù kò bára mu. Oòrùn ọ̀sán ti mú irin gùn sí i. Ẹnjiníà àgbà ní kí a dúró di ìdájí, kí irin tutù. Nígbà tó di ìdájí, bóòtù wọlé wẹ́rẹ́. Bàbá ní àwọn kò rí irú ìyanu bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a ṣí afárá, Ìyá àgbà di Ìyá wa lọ́wọ́ mú, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gun orí rẹ̀. Bàbá lọ pàdé wọn láàárín. Ìyá àgbà wo omi fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ náà nìyẹn," ni wọ́n wí fún odò náà. Wọ́n wá ṣíwájú lọ sílé Bàbá, ọkọ àti ìyàwó sì ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Bàbá tọ́jú afárá náà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1995. Wọ́n jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ omi àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú èébú díẹ̀ fún ẹni tó bà á jẹ́.

Wọ́n fi Ìyá wa sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ márùn-ún ní ìlú méjèèjì, àti àwọn ọmọ-ọmọ tó ń sọdá lọ síléèwé lójoojúmọ́ láìbojú wo omi.

Ẹ sùn re, Bàbá. Bí ẹ bá rí bàbá ìyàwó yín lọ́hùn-ún, ẹ bá wa sọ fún wọn pé ọmọ wọn dé ilé ọkọ láyọ̀.