Obì Fálẹ́ntáìn Màmá

Bàbá mi, ọlọ́kadà tó gbáfẹ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe Fálẹ́ntáìn níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Ṣàgámù pọ́n bí ẹni da epo lé e lórí. Aṣọ pupa, fìlà pupa, bàtà pupa. Mo rí ewúrẹ́ kan tó so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́rùn. Irọ́ kọ́ o, àbí kẹ̀, irọ́ díẹ̀ ni. Bọ̀dá tó ń gẹrun fún mi ra bèbí onírun fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bèbí náà tóbi débi pé òun ló gun ọ̀kadà, àfẹ́sọ́nà fẹsẹ̀ rìn délé.

Ilé tiwa nìkan ló dákẹ́. Látìgbà tí a ti sin yín, Màmá ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹbí ti ní kó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kò bọ́ ọ. Ohun tó wá ń já mi láyà jù ni pé kì í bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé Màmá wa nìyẹn?

Mo wá rántí yín. Àwọn ọkọ yòókù ń ra òdòdó, obì ni ẹ̀yin ń rà. Ẹ máa ń tẹ fèrè ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà títí gbogbo àdúgbò á fi yọjú, ẹ ó wá kúnlẹ̀ lójú wọn, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n, ẹ ó na obì pupa sí Màmá. Á ṣe bí ẹni tí ojú ń tì, síbẹ̀ á yára gbà á.

Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni? Mo gba Sábó lọ, mo ra obì tó pọ́n jù láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ọmọ tuntun. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo fi ẹnu fun fèrè. Ó gbà á, ó là á. Awẹ́ méjì péré!

“Gbànja! Obì táwọn onítírélà ń jẹ kí oorun má baà gbé wọn lọ? Ṣé mo fẹ́ wa tírélà lọ sí Kánò ni, ìwọ ọmọ yìí? Àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni bàbá ẹ ń fún mi o!”

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi ní ìyàtọ̀ wọn?

Ó bú mi débi tí ara mi yá gágá. Mo ní kí n sáré lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní àbàtà wo ni èmi mọ̀. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú búláòsì pupa. Pupa, Bàbá! Mo yáa pe ọlọ́kadà kan kí Màmá tó yí ọkàn padà, ó di ọjà obì ní Akaka.

Ṣé ẹ rí i níbẹ̀? Ó ń ṣa obì bí ẹni ń yan ìjòyè. Eléyìí ti ní kòkòrò, tọ̀hún ò gbó. Ó bú ìyá tó ń tà á, ìyá yẹn bú u padà, ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀kan tó láwẹ́ mẹ́rin. Ó fún mi ní awẹ́ kan, ó fún ọlọ́kadà ní ọ̀kan, ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Èyí tó kù, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Mi ò bi í pé ti ta ni.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Màmá wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbáfẹ́ jù yín lọ, tí àárò yín ń sọ gan-an.