Ẹ̀rọ Tí Òyìnbó Fi Dógò

Ẹ̀yìn Ọjà,
Àtàn-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì, ọdún 1990.

Oyèbọ́lá Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú òtútù, o kú àárò, o kú oúnjẹ tí kò lata. Mo bẹ Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Àtàn pé kí ó bá mi dé Lífápúù, kí ó bá ọ nínú ìlera, kí bàtà òtútù tí o rà má ṣe fún ọ lẹ́sẹ̀. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ onírin ní Ṣàngó ti ní kí àwọn èèyàn rẹpẹtẹ máa lọ sílé, iwájú ilé ló ń jókòó sí tó ń ka ọkọ̀ tó ń lọ Ìdíròkò, ó ní lánàá nìkan wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún méje. Sáápù tí ìjọba fi ní ká fún ìgbànú mọ́ra yìí ti fọ̀ wá mọ́ débi pé àwọn eku ilé wa ti kó ẹrù wọn, wọ́n ti lọ bá ẹbí wọn ní Ìtẹ́lè.

Gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi tí o béèrè wà níbẹ̀, ó kúrò ní ẹyin adìẹ, ó ti di ìbẹ́pẹ. Bí mo bá dùbúlẹ̀, èémí mi á máa dún bí fèrè, bàbá rẹ á ní kí n dìde jókòó kí gbogbo àdúgbò lè sùn. Dókítà ní Ọ̀tà ní àfi kí wọ́n gé e, àti pé kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ òyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn tí ọsibítù Lífápúù bá ọsibítù yín ní Ọ̀tà ṣe àjọṣe, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá, èyí tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó là á, tí wọ́n sì mú ìwọ nọ́ọ̀sì lọ, pé kí o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn tí kò lè mí fúnra rẹ̀. Èmi ò janpata. Ẹni tó bá yá nǹkan ńlá lọ́wọ́ ẹni á fi nǹkan ńlá dógò. Mo wo ẹ̀rọ náà, ó ga jù mí lọ, àgbá afẹ́fẹ́ méjì dúró tì í bí ẹ̀ṣọ́, aago mẹ́ta ń dán láyà rẹ̀. Mo ní ó dáa, kò sí òyìnbó tó máa gbàgbé irú èyí sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e ni wọ́n á dá ọmọ mi padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rán ànkárá bò ó nítorí eruku, mo sì máa ń kí i kí n tó kúrò. Mátírọ́ọ̀nù Ẹfúnróyè, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, bi mí pé ṣé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ni. Mo ní rárá, èmi ni mo ni ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo bá gbogbo wọn níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Mátírọ́ọ̀nù ní ìwé ti dé láti Lífápúù pé ẹ̀bùn ni ẹ̀rọ náà, tiwa ni títí ayé. Mo fìdí jókòó sílẹ̀, mo sunkún débi pé aláìsàn mẹ́ta bá mi sun ún láìbéèrè ẹni tó kú. Bàdírù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, Ìyá Oyèbọ́lá, wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láyé Sáápù, ẹ̀yin ń sunkún, ṣé kí wọ́n tún fi owó lé e ni. Mo ní bí ẹni tó fi nǹkan dógò bá ní òun ò gbà á padà mọ́, ó ti jókòó lé ohun tó yá nìyẹn.

Mátírọ́ọ̀nù mú mi wọ yàrá rẹ̀. Ó ní ìyá, kò sẹ́ni tó yá ọmọ yín, kò sẹ́ni tó dì í mú, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí. Ó ní wọ́n kàn bẹ̀ ọ́ pé kí o bá wọn ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta sí i, ìwọ lo sì máa dá wọn lóhùn.

Oyèbọ́lá, ìyẹn ló wá dùn mí jù. Bí ó bá jẹ́ òyìnbó ló dì ọ́ mú, mo mọ ẹni tí mo lè kúnlẹ̀ bẹ̀.

Fàlílù tó ń lo ẹ̀rọ náà ń lọ ṣiṣẹ́ ní Sáúdí níparí oṣù yìí. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọwọ́ míì tó mọ̀ ọ́n lò ní Ọ̀tà. Ọ̀rẹ́ mi Rónkẹ́ ní kí n má gbà kí wọ́n là mí, ó ní bí o bá gbọ́ pé ọrùn ìyá rẹ ń dúró dè ọ́, o ò ní sùn kí o tó wọ bàálù. Mo rò ó fún odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọrùn mi dógò kí n fi gba ọmọ mi padà. Mo ti gbà, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni Fàlílù máa kùn mí lóorun. Ìwé kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà bí o ṣe ń kà á yìí, wọ́n ti gé e.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó gùn bí ìró. Akọ̀wé ní kí n dárúkọ ẹni tó súnmọ́ mi jù. Mo ní Oyèbọ́lá, Lífápúù. Ó ní rárá o, màmá, ẹni tí a lè rí pè kíákíá ni. Bàbá rẹ tó jókòó tì mí wúkọ́. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ bí mo ṣe wí, pé kò bi mí léèrè ibi tí ẹni náà jókòó sí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ìlẹ̀kẹ̀ tó máa bá ọrùn tuntun mu, kí bàbá rẹ náà sì rí gààrí jẹ. Ọlọ́run á mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́, èémí aláìsàn kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́, ibi tí o bá yàn láti dúró sí á tù ọ́ lára. Bí o bá sì pinnu pé o ń bọ̀, má sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.