Ọ̀pá Eré Tí Mo Ṣe fún Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara yín le, nítorí ohùn rẹ dán gan-an nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Èmi náà ń mí, mo ń jẹun, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́. Bàbá wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà máa já bí o ti ń ka ìyókù. Wọ́n wà ní yàrá kejì bí mo ti ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ikọ́ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ nítorí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo ń bi ọ́ bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo wá rí i pé bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, n kò ní sọ ọ́ láéláé, Bàbá kò sì ní lè sọ ọ́ fún ọ fúnra wọn.

O mọ bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe fi Bàbá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò ṣe nǹkan kan mọ́, ó kàn so rọ̀ bí apá ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀. Ẹnu wọn náà ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò lè parí. Ẹni tó wa kíréènì ní èbúté fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń gbé àpótí ẹrù tó tó ilé kalẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ọmọ tuntun! Obìnrin tó ń wá tọ́jú apá wọn fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kí wọ́n máa fún un. Wọ́n wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n sì jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ wọn fẹ́ràn. Ọwọ́ tí kò bá ríṣẹ́ ṣe, á gbàgbé iṣẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́, èyí tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tó fi ń ka eré ọlọ́fà tí ìwọ àti Bàbá máa ń tìtorí ẹ̀ jẹ oúnjẹ tútù. O rántí eré náà: òkúta á máa já bọ́ láti òkè, ọkùnrin kékeré kan á máa fi ọfà ta á nísàlẹ̀ kó tó balẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ fi ń darí rẹ̀ ti kán. Bí kò tilẹ̀ kán, ọwọ́ Bàbá kò lè di ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ mú mọ́. Mo ní màá ṣe èyí tó nípọn, tó máa dà bí ọ̀pá kíréènì lọ́wọ́ wọn.

Ilé tí àwọn ọmọ ti ń sanwó ṣeré lórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ń kógbá wọlé lọ́sẹ̀ náà. Oníbàárà mi ni ẹni tó ni ín, èmi ni mo ń rán ìjókòó àwọn àga rẹ̀. Ó ní kí n tú ohun tó bá wù mí lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú. Mo tú ọ̀pá kan tí orí rẹ̀ jẹ́ irin róbótó, mo tún tú bọ́tìnnì ńlá mẹ́rin. Mo fi pákó dúrọ́ọ̀ àtijọ́ kan àpótí, mo sì fi irin pẹlẹbẹ bo orí rẹ̀ kó má baà mì. Ìwé kékeré tó wà nínú páálí náà ya àwòrán ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà fún mi. Abẹ́rẹ́ irin mẹ́sàn-án tí a ń so wáyà mọ́ ló wà níbẹ̀, mẹ́fà ni mo nílò: ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọfà, ọ̀kan sì wà tí wáyà gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà padà sílé. Dípò kí n fa wáyà ìpadàsílé yìí lọ sára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo so ó mọ́ irin pẹlẹbẹ náà, kí irin máa ṣe iṣẹ́ wáyà. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ohun tí kò tó nǹkan ni mo ń bẹ̀rù. Ìwé náà kìlọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ń gbé iná jáde, pé bí mo bá ṣì í so, kọ̀ǹpútà ti lọ nìyẹn. Mo yẹ wáyà wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo ń rò ó pé bí mo bá jó kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Mo tan án, kásẹ́ẹ̀tì ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ọlọ́fà sì jáde. Mo ti ọ̀pá sí ọ̀tún, ó sá lọ sí ọ̀tún. Mo fò sókè bí ọmọdé. Ohun tó yẹ kí n bẹ̀rù wà lábẹ́ ọwọ́ mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà onírọ́bà tí mo ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ mi, n kò mọ nǹkan kan lára.

O mọ̀ pé Bàbá kì í wọ bàtà nínú ilé. Wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì, mo sì gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn lé ọ̀pá. Àbúrò mi, ìka wọn ká mọ́ ọn! Ìka tó ti sùn fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n tì í díẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ náà já kúrò lórí rẹ̀ wìì. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ní, "Ta." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dá ṣáká lẹ́nu wọn láti ìgbà àìsàn nìyẹn. "Ta! Ta!" Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, ẹ ta á! Ẹ ta òkúta yẹn!" Mo sáré pe aládùúgbò wá kó wá gbọ́ bí Bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí obìnrin tó ń tọ́jú apá wá, inú òun náà dùn sí ìka tó ń ká. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dúró lórí ọ̀pá, gbogbo ìgbà ló ń bọ́ kúrò. Ó ní kí n máa fi aṣọ rírọ̀ dì í mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo dì í. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi so bàbá tó bí mi mọ́ irin yẹn. Wọ́n á ní, "Ta, ta," omi á máa bọ́ lójú wọn, màá fi etí aṣọ mi nù ún, màá ní omi ayọ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹrin wọn kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n kàn ń wo ògiri.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo fọ ilẹ̀ yàrá náà. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti tan kọ̀ǹpútà, nítorí kásẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ kó tó ka eré tán. Mo rí eruku lórí ọ̀pá, mo na ọwọ́ láti nù ún. Nǹkan kan di apá mi mú láti inú, ó gbọ̀n mí dé eyín, ó sì gbé mi lu ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tí ojú mi là, ilẹ̀ tútù ni mo wà, ẹnu mi dà bí ẹnu ẹni tó lá irin, apá mi sì gbóná láti ìka dé èjìká. Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu mi láìjẹ́ pé mo wá a. Mo ní, "Ó ń ta mí."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo gbójú sókè. Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń wò mí.

Iná tó gbé mi kò já mi láyà tó ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn. Wọn kò bá ọlọ́fà kankan sọ̀rọ̀ rí. Èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́, èmi ọmọ wọn, mo sì ń pàtẹ́wọ́.

Mo fi igi ìgbálẹ̀ já wáyà iná náà kúrò lára ògiri, mo sì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ lọ sílé ìwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Wáyà, tó ń tún rédíò ṣe. Ó tú àpótí dúdú tó ń sọ iná ògiri di kékeré kó tó wọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ ogbó ti dé bá àpótí náà. Ohun tó yẹ kó ya iná ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára iná kékeré ti gbẹ, ó ti là. Iná ògiri ń jò wọlé, ó ń gba wáyà ìpadàsílé lọ tààrà sínú irin pẹlẹbẹ tí mo fi ọgbọ́n mi so mọ́ ọn. Wáyà yọ fìlà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ tó gbẹ ló gba Bàbá sílẹ̀. Ká ní ẹ ti fọ ilẹ̀ yìí kí ẹ tó so ọwọ́ wọn..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mò ń parí rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, nídìí iṣẹ́, nínú bọ́ọ̀sì, níbi tí mo bá ti dákẹ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Mo ní, "N kò mọ̀, Bàbá. Mo bẹ̀ yín, n kò mọ̀." Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé e lé mi lórí. Wọ́n fi mú ọwọ́ ọ̀tún wọn ni, wọ́n sì gbé e pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá na ṣíbí sí wọn, ojú wọn á fà sẹ́yìn. Bí mo bá fẹ́ bá wọn wọ ẹ̀wù, èjìká wọn á le. Obìnrin tó ń tọ́jú apá sunkún nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Èmi ni mo ní kí ẹ so ó." Ìyẹn kò tù mí nínú, nítorí ọwọ́ tèmi ló ta kókó aṣọ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí a ó ṣe máa gbé nìyí títí ọlọ́jọ́ á fi dé, pé èmi ni Bàbá á máa sá fún nínú ilé ara wọn.

Wáyà mú àpótí iná tuntun wá, ó sì fi tẹ́sítà wò ó níṣojú mi. Mo yọ irin pẹlẹbẹ sọnù, mo fi pákó rọ́pò rẹ̀, mo fi igi gbẹ́ orí fún ọ̀pá, a sì fa wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, mo bọ́ bàtà, mo da omi sílẹ̀, mo dúró sínú omi náà, mo di ọ̀pá mú. Wáyà pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Mo di í mú síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo nu ilẹ̀ gbẹ, mo fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ sétí Bàbá. Mo ti so wọ́n mọ́ ọn rí; n kò ní ẹnu láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà síbẹ̀.

Ní ọ̀sán Tọ́sìdé tó kọjá, mò ń fọ abọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe kásẹ́ẹ̀tì. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wọlé. Bàbá ti ṣí aṣọ náà, wọ́n ti fi ọwọ́ òsì tan án fúnra wọn. Wọ́n na ìka òsì kan, wọ́n fi kan ọ̀pá, wọ́n yára fà á kúrò. Wọ́n tún fi kàn án, wọ́n fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n lọ já wọn gbà. Òkúta pa ọlọ́fà, òkúta tún pa á, òkúta tún pa á. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀pá lọ sí òsì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí kíréènì ń wá ibi tí á gbé ẹrù sí, ọfà sì bá òkúta. Bàbá kò yíjú. Wọ́n ní, "Jókòó." Odindi ọ̀rọ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀.

Ẹ̀rù ò tíì tán lára mi. Láràárọ̀ mo máa ń bọ́ bàtà, kí n kọ́kọ́ di ọ̀pá náà mú kí Bàbá tó jí. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, mo máa ń bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lánàá wọ́n ní, "Omi." Mo ní ṣé èyí tí ẹ fẹ́ mu ni, àbí èyí tí ẹ fẹ́ wẹ̀, àbí ẹ rí ibi tí omi ti ń jò? Wọ́n pòṣé. Òṣé náà dùn mọ́ mi. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, kì í ṣe Wáyà, kì í ṣe obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá bínú tán, pè mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe wá ní ibi láìmọ̀. Kí ohun tí a bá fi ìfẹ́ ṣe má di ẹkún. Kí àwọn ọmọ rẹ máa rí ẹni gbọ́ tiwọn, pàápàá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ò bá pé lẹ́nu wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwé lọ́dún tí ẹsẹ̀ rẹ kán.

Mo tún rántí: Ìlà wíwọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, má rò pé bírò ló yọ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá ló kọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún ọ pé wọ́n kọ. Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Máa bọ̀."