Táwẹ̀lì Pupa Lọ́dọ̀ Orogún Màámi

Bàbá mi, olówó orí Màámi,

Ọ̀kún o. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọ Ìjùmú kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ fi Ọ̀kún kíni. Ṣé ara ti fúyẹ́ lọ́hùn-ún? Ṣé koríko wà níbẹ̀? Bí ó bá wà, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì jókòó.

Wọ́n ti sọ Lọ́kọ́ja yín di olú ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ìlú kún débi pé yàrá ní àdúgbò Natako wọ́n bí ojú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rílé ń sùn méjì-méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kan ní ilé àlejò wa, èmi ni mo sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ń ro mí, Bàbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó yín kékeré ló mú mi kọ̀wé. Mo ń sọ nípa ẹ̀rọ ìgéko tí ẹ máa ń gùn káàkiri ọgbà ilé àlejò bí ọba tó gun ẹṣin, tí ẹ sọ ní Ìyàwó Kékeré, tí Màámi sì ń pè ní orogún wọn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gé koríko kẹ́yìn, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó gùn ún mọ́. Àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ọyẹ́ dé, ẹ lọ. Nígbà tí òjò padà, tí koríko dé orúnkún, wọ́n gbé e síta. Íńjìnnì dáhùn dáadáa. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ní kí abẹ ìgéko máa yí, á ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, rọ́bà á máa rùn bí ohun tó ń jó, bẹ́líìtì á sì fò yọ kúrò lára púlì, àwọn irin róbótó tó ń yí i.

Músá, ará Núpé tí wọ́n fi rọ́pò yín, dá a padà, ó tún yọ. Wọ́n ra bẹ́líìtì tuntun, ìyẹn náà yọ. Wọ́n yá ti ẹ̀rọ ìlọta, ó gùn jù, ó ń fì bí ṣòkòtò tí kò ní okùn. Músá fi àbẹ́là ra bẹ́líìtì, ìyẹn ló wá burú jù, nítorí ṣe ló ń yọ̀ bí ẹja.

Ìgbà náà ni wọ́n rántí pé ẹ kì í tan ẹ̀rọ náà láìkí i. Ẹ ó fọwọ́ gbá a lórí, ẹ ó ní, "Ọ̀kún o." Músá mi orí, ó ní, "Dis machine sabi im husband. E no go gree for another man." Ni gbogbo ilé àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí irin. Músá kí i ní Núpé, alásè kí i ní Ígálà. Mánéjà fúnra rẹ̀, ọmọ Ebira, so táì mọ́rùn, ó dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀, ó ń wí pé, "Ọ̀kún, ọ̀kún o, madam." Ẹ̀rọ ké, bẹ́líìtì fò. Mo rẹ́rìn-ín títí aṣọ bẹ́ẹ̀dì fi bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Mánéjà ní àwọn ọ̀gá ńlá ń bọ̀ ní Sátidé, pé bí koríko bá ṣì dúró títí ọ̀sán Fúráìdè, òun á ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin, òun á wá àwọn alágbàṣe tó ń fi àdá gé koríko. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjókòó rẹ̀ ṣì rì síbi tí ìdí yín ń wà? Wọ́n ti pín gbogbo ẹrù yín tán, ìjókòó yẹn nìkan ni n kò tíì rí ẹni gbé lọ.

Mo sunkún lọ bá Màámi. Màámi ní, "Kí wọ́n tà á! Ìgbà tí bàbá ẹ wà, ṣé orogún mi jẹ́ kí n rí i?" Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Táwẹ̀lì pupa ni, èyí tí Màámi rà fún yín, tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn bí ẹ bá ń gé koríko. Ọjọ́ tí ẹ gé e kẹ́yìn, ẹ délé láìsí táwẹ̀lì lọ́rùn, ẹ ní ẹ ò gbé e jáde rárá, pé Màámi ló gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti fi nu gíláàsì àtùpà. Màámi búra, ẹ ò gbà. Ẹ fajú ro, ẹ ò bá wọn ṣàwàdà mọ́ títí àìsàn fi dé. Kí ló dé tí ẹ ò yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, Bàbá? Ṣé ẹ gbàgbé ni? Láti ìgbà náà, bébà ni Màámi fi ń nu gíláàsì àtùpà.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, mo rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ, mo lọ bá ẹ̀rọ náà nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo fẹ́ kí i pé ó dìgbà. Gbogbo àwọn tó ti ń kí i, ọkùnrin ni wọ́n, ìdúró ni wọ́n sì ń kí i. Èmi ńkọ́? Ẹni tí bàbá mi bá pè níyàwó, ṣé mo lè dúró kí i? Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, eékún méjèèjì, nínú ọ́ìlì. Mo ní, "Ọ̀kún o, Ìyá Kékeré."

Bí mo ṣe tẹrí ba, ojú mi bọ́ sábẹ́ irin tó bo àwọn púlì. Mo rí etí aṣọ kan, ó pupa. Iṣẹ́ mi ni aṣọ, kò sí bó ṣe lè dọ̀tí tó tí n kò ní mọ̀ ọ́n. Mo pariwo pe Músá. Ó tú irin náà, àṣé púlì kékeré tó ń fa bẹ́líìtì le ni aṣọ wé mọ́ nídìí, tòun ti gírísì àti koríko gbígbẹ. Púlì ò lè yí. Ṣe ni bẹ́líìtì ń wọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, tó ń gbóná, tó fi ń fò yọ. Músá fa ọ̀bẹ yọ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra ń fọwọ́ yí púlì padà sẹ́yìn, èmi ń fa aṣọ, títí gbogbo rẹ̀ fi jáde. Wọ́n so bẹ́líìtì, Músá gùn ún, abẹ yí láìké. Kí ọ̀sán tó pọ́n, pápá ti mọ́ tónítóní. Mánéjà sì ń sọ fún gbogbo ayé pé kíkí òun ló ṣiṣẹ́, pé ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Mo fọ táwẹ̀lì náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi hàn, mo gbé e lé Màámi lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Níbo lo ti rí èyí?" Mo ní, "Ọ̀dọ̀ orogún yín ni." Màámi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù. Wọ́n wá sunkún. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Kọ̀wé sí bàbá ẹ. Sọ fún un pé mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí kò ráyè bẹ̀."

Mo ti wá jẹ́ iṣẹ́ wọn o. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Màámi ya etí táwẹ̀lì náà díẹ̀, wọ́n fi nu gíláàsì àtùpà, wọ́n tanná sí i. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kí ọkọ àwọn má baà di òpùrọ́ lọ́run.

Ìmọ́lẹ̀ àtùpà náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ó mọ́ gan-an, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó kúnlẹ̀ kí orogún ìyá rẹ̀.