Orin Orí Tábìlì Kan, Ọwọ́ Ìkọ̀wé Méjì

Èmi, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Olórin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ni mo ń há ogún mi. Orí mi pé, ojú mi ń ríran. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ó bá a níwájú.

Ìkíní: Mo há ilé mi fún nọ́ọ̀sì, ọmọ àbúrò mi, tí mo tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Òrùlé ibi ìdáná ń jò.

Ìkejì: Dùùrù mi di ti ọ̀gbẹ́ni tó máa ń bá mi tún un ṣe. Ó dẹnu ìfẹ́ kọ mí nígbà kan. Mo ní kó kọ́kọ́ tún okùn tó já ṣe ná. Ó tún un ṣe, kò sì sọ ọ́ mọ́. Mo retí rẹ̀ títí.

Ìkẹta: Ológbò mi, ẹni tó bá lè fara dà á ni kó mú un.

Ìkẹrin: Àwọn orin. Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan bá ìwé orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ orin. Èmi ni mo kó wọn ránṣẹ́ síbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi: “Màmá, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?” Mo ní ilé ni mo wà.

Wọ́n fi fayolíìnì ta ọ̀kan nínú àwọn orin náà ní gbọ̀ngàn ńlá. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo jókòó. N ò rántí pé mo kọ orin tó gbé wọn dìde yẹn rí.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú kọ́ ọ bí a ti ń kọ àmì orin. Tèmi tirẹ̀ jọra bí ìbejì. Tábìlì kan là ń lò. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń kùn orin tí mo pè ní tèmi. Mo ní, “Olè! Jáde nílé yìí.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ọ dáadáa ná.” N ò gbọ́. Ó lọ. Mo kó gbogbo ìwé orí tábìlì, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ orin lórúkọ mi. A ò parí ìjà náà títí tó fi kú.

Ta wá ni olè? N ò mọ̀. Àbí olè kankan ò sí níbẹ̀?

Olùkọ́, ìwọ ni mo fi àwọn orin náà lé lọ́wọ́. Má ṣe tẹ̀ wọ́n lórúkọ mi nìkan. Orúkọ àwa méjèèjì ni kó wà níbẹ̀, kí tirẹ̀ ṣáájú. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá béèrè èwo ni ti ẹ̀gbọ́n, èwo ni ti àbúrò, sọ fún wọn pé kò yé èmi náà.

Ìkarùn-ún: Nọ́ọ̀sì máa ń bi mí ìdí tí ìyá rẹ̀ fi kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní ọkọ ló lọ fẹ́. Irọ́ ni. Ẹ ka ìwé yìí sí i létí tán pátá. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Mo fọwọ́ ara mi sí i, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2019.
Ìyá Olórin

Ó ṣojú wa:
Káfíńtà ilé kejì
Apòògùn ìkóríta