Àwọn Ayálégbé Inú Mi

Fuad ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ gbèsè ná. Àna wa Àyìnkẹ́, ìyá Munirat ìyàwó rẹ, jẹ mí ní àkùkọ kan. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ ní Bàrígà lójú gbogbo wa pé bí mo bá lè gun àtẹ̀gùn ilé yín ní Fọlá Agoro láìjókòó lágbedeméjì, òun á fún mi ní àkùkọ, bí n kò bá sì lè gùn ún, òun ni yóò máa wẹ ọmọ tí Munirat fẹ́ bí. Kó lọ so àkùkọ náà mọ́lẹ̀ dè mí.

Wàyí o, ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé Munirat ń jẹun? A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àlàáfíà ni àwa náà wà, ewúrẹ́ bàbá rẹ ti bímọ.

Nọ́ọ̀sì Rùkáyátù tí o ní kí n lọ rí sọ pé àwọn ohun abẹ̀mí kan wà nínú ìfun mi tí ojú ò lè rí, ohun tí mo bá jẹ làwọn náà ń jẹ, àwọn kan ń ṣe ara lóore, àwọn kan ò dáa, mínírà àti búrẹ́dì mi ló sì ń mú inú àwọn tí kò dáa dùn. Ó ní àìsùn náà máa ń jẹ́ kí ebi pani ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò ó títí, mo rí i pé ayálégbé ni wọ́n, wọn kì í sì í sanwó ilé. Ni mo bá gé mínírà àwọn oníwàhálà, kí wọ́n lè kó jáde fúnra wọn. Àwọn ọmọlúàbí inú wọn ni mò ń fún ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti omi ògì kíkan, owó rẹ̀ ò sì tó ti mínírà. Bí mo bá ti kírun alẹ́ tán, mo ti sùn nìyẹn, mi ò sì jẹ́ kí bàbá rẹ tan rédíò, kí wọ́n má baà jí. Bí mo bá gun ọ̀kadà, mo máa ń ní kó rọra, pé odindi agboolé ni mo gbé dání. Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, mo lọ bi Áfáà bóyá ó di dandan fún àwọn náà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n ṣáà máa fún wọn ní sààrì tó dáa.

Fuad, ara mi ti fúyẹ́. Nígbà tí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn sọ pé ìsanra mi ti wálẹ̀, mi ò kọ́kọ́ gbà, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n ṣe lọ́jà. Mo ní kí Rùkáyátù náà gùn ún ká fi mọ̀ bóyá kì í purọ́. Lánàá, mo ru garawa omi gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ràsákì aládùúgbò wa dé òkè láìdúró. Ràsákì tó máa ń pè mí ní Ìyá Tírélà ló ṣí fìlà, tó ní òun túúbá.

Nítorí náà, èmi ni mo ni ọmọ wíwẹ̀. Kí Àyìnkẹ́ fi kànìnkànìn rẹ̀ pamọ́. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti ti ẹrù, torí n ó gbé ògì dání, mi ò mọ̀ bóyá omi Èkó á bá àwọn ayálégbé mi lára mu. Owó ẹnì kan ṣoṣo ni kí o fi ránṣẹ́ o. Bí àwọn onímọ́tò bá gbọ́ nípa àwọn ayálégbé mi ní gáréèjì, wọ́n á ní kí n san ti gbogbo wọn.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ròkè, ọmọ tí à ń retí yìí á tọ́jú rẹ dalẹ́. Èmi Kùdírátù ìyá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ọjọ́ Àlàmísì ni mò ń retí èsì. Bí n kò bá rí i, ẹ óò rí mi ní Jímọ́ọ̀.