Ìdí Ọkọ Mi Tó Wà Nínú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ọmọ ńkọ́? Ọkọ tèmi gan-an, ìyẹn ọmọ rẹ, ṣé ara tù ú? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọmọ sunkún o. Àwa náà wà, a dúpẹ́, atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ká wa lára.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ ti dé. Yéè! Ìdí ọmọ oṣù mẹ́rin pọ́n kuku báyìí! Bàbá rẹ ní ká da páúdà sí i, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, mo fi ọ̀já pọn fóònù sẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó ní kì í ṣe àrùn burúkú, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó pẹ́ nínú ìlédìí ló ń bó ọmọ lára. Ó ní kí o máa pààrọ̀ ìlédìí kíákíá, kí o fi omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ìdí ọmọ, kí o fi aṣọ rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí o wá fi ìpara funfun tí wọ́n ń fi pa ìdí ọmọ bò ó dáadáa. Má fi ọṣẹ olóòórùn o, má da páúdà sí i. Bí pípọ́n náà kò bá lọ lọ́jọ́ kẹta, tàbí tó ń ṣọyún, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ó tún ní ká máa ṣí ìdí náà sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ṣé wàá sọ pé a ò gbọ́ràn? Mo bọ́ rọ́bà ara fóònù, mo tẹ́ ẹ sójú fèrèsé, bàbá rẹ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò pẹ́, ojú fóònù ṣókùnkùn, mo ní ọmọ ti sùn nìyẹn. Bàbá rẹ fẹ́ wúkọ́, mo lé wọn síta. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní fọ́tò lásán ni à ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí. Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú, ta ló fi fọ́tò ìdí ránṣẹ́ sí òun rí?

Lọ́jọ́ kẹta, fọ́tò kejì dé: ìdí ọkọ mi ń dán! Mo jó, bàbá rẹ jó títí abẹ̀bẹ̀ fi ya. Mo gbé fóònù lọ fi han télọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e símú kí n gbọ́ òórùn ọmọ, òórùn rọ́bà ni mo gbọ́. Mi ò sọ fún télọ̀ o. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti abẹ̀bẹ̀ tuntun kún un. Ire ni wàá fi tọ́ ọmọ, o ò ní ṣe àṣedànù.

Èmi ìyá rẹ ni. Mo ti fọ ọ̀já náà, ó ti gbẹ.